Pearl Primus: Oníjó Tí Ifẹ̀ Sọ ní Ọmọwálé

Ní àárín wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ oníjó, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ẹni tí ìwé kò yé ni ó gba ojú agbo lọ. Èmi fẹ́ sọ ìtàn oníjó kan tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni ó kọ́kọ́ kà, iṣẹ́ dókítà ni ó sì ń lé. Ijó bá a pàdé lọ́nà ni. Nígbà tí ó sì wọ inú ijó tán, tìwétìwé ni ó bá a wọ̀ ọ́, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ó fi kú. Pearl Eileen Primus ni orúkọ rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọmọwálé ni.

Ìlú Port of Spain, ní erékùṣù Trinidad, ni a ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, ọdún 1919. Ọmọ kékeré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o lọ sí New York, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Trinidad kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa pátápátá, nítorí pé wọ́n kó lára àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀, títí di òní ni àwọn kan sì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé ọmọ Yorùbá ni Pearl. Ọmọ àwọn tí a kó kúrò ní Áfíríkà ni. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1940 ó kàwé gboyè nínú báyọ́lọ́jì ní Hunter College. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò ṣiṣẹ́ ní láàbù, òun yóò kó owó jọ, òun yóò sì fi owó náà kọ́ iṣẹ́ dókítà. Kò sí láàbù tí ó gbà á. Ìwé rẹ̀ pé, àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá wọn lára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ National Youth Administration, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ìdí aṣọ àwọn eléré ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí níbẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ààyè kan ṣófo láàárín àwọn oníjó, wọ́n sì ní kí ó bọ́ sí i. Àwọn tí ń kọ ìtàn rẹ̀ a máa sáré kọjá níbí yìí, bí ẹni pé oríire lásán ni. Lójú tèmi, kì í ṣe oríire. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn ni, ó sì gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní 1941, ẹgbẹ́ New Dance Group fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fún ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Pearl kò ga rárá, ṣùgbọ́n ó sanra le, ó sì ti ń sáré, ó ti ń fò láti ilé-ìwé. Fífò yìí ni òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ fi kàn. Àwọn tí ó rí i sọ pé bí ó bá fò sókè, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ gbàgbé láti fà á padà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí ó ti ṣe ń múra ijó sílẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ dá ijó Áfíríkà kan sílẹ̀, kò dìde kí ó máa fò kiri. Ó lo oṣù púpọ̀ nídìí ìwé. Ó lọ ń wo ère àti àwòrán ní mùsíọ́mù. Ó wá àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń kàwé ní New York rí, ó jó fún wọn, ó sì ní kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Bí wọ́n ti ń ṣe ní láàbù tí kò gbà á náà ni ó ṣe é. Ijó náà, African Ceremonial, ni ó jó ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọdún 1943, ní gbọ̀ngàn YMHA ní New York. John Martin, ẹni tí ń kọ nípa ijó nínú ìwé ìròyìn New York Times, yìn ín gidigidi. Láìpẹ́, Café Society Downtown gbà á síṣẹ́. Ilé fàájì ni, níbi tí dúdú àti funfun ti ń jókòó pọ̀ ní àkókò tí èyí ṣọ̀wọ́n.

Láàárín àwọn ijó rẹ̀ ìgbà náà ni Strange Fruit wà. Ewì tí Abel Meeropol kọ ni, nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí èrò ń so kọ́ igi ní gúúsù Amẹ́ríkà. Billie Holiday ti sọ ọ́ di olókìkí lórin. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ẹni tí wọ́n so kọ́, tàbí ìyá rẹ̀, ni Pearl fi ara rẹ̀ ṣe. Rárá o. Obìnrin kan láàárín àwọn èrò náà ni: àwọn yòókù ti lọ sílé, òun nìkan ni ó kù, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí ohun tí wọ́n ṣe. Kò sí ìlù, kò sí orin. Ewì nìkan ni wọ́n ń kà bí ó ti ń ta mọ́lẹ̀, tí ó ń yí. Láti fi ara ẹni hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a pa rọrùn ju èyí lọ.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìyà àwọn tí kò bá gbé rí ni ó ń jó. Nítorí náà, ní 1944, ó gba gúúsù lọ, ó bá àwọn tálákà ká òwú nínú oko, ó sì ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó dé tó 70. Ó ń wo bí àlùfáà ti ń wàásù àti bí ẹ̀mí ti ń gun àwọn olùjọsìn. Ó rí i pé ohun tí òun kà nípa Áfíríkà nínú ìwé ń bẹ láàyè lára àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ó wá ku Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ní 1948, Edwin Embree, ọ̀gá àjọ Rosenwald, wo ijó rẹ̀ ní Yunifásítì Fisk, ó sì bi í ìgbà tí ó dé Áfíríkà kẹ́yìn. Kò dé ibẹ̀ rí. Àjọ náà ti fẹ́ kógbá sílé ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ó fún Pearl ní owó ìrìn-àjò. Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò: ọdún márùn-ún ni ó ti fi ń jó ijó Áfíríkà fún àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Bí ó bá dé ibẹ̀ tí àwọn onílé rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹlòmíràn ì bá jókòó sí New York, kí ó máa jẹ orúkọ tí ó ti ní. Pearl lọ. Ó dé Nàìjíríà, ó dé ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Ghana, ó dé Liberia, Sẹ̀nẹ̀gà àti Congo. Kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo máa wòran. Ó ń bá wọn jó, ó sì ń bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń jó o.

Ní Ilé-Ifẹ̀, lórí oyè Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, ni ó ti gba orúkọ Ọmọwálé. Àwa tí a mọ ohun tí orúkọ jẹ́ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Àlejò tí ó mọ ijó jó, a ó yìn ín, a ó fún un ní ẹ̀bùn, yóò sì máa lọ. Ọmọ ni ó ń wálé. (Orúkọ yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fún Malcolm X ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1964.)

Ìgbà tí ó padà kò dùn tán. Àwọn ọlọ́pàá inú Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ ọ nítorí àwọn tí ó ń bá rìn, ní àwọn ọdún 1950 ìjọba sì gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ní Trinidad ní 1953 ni ó ti pàdé Percival Borde, oníjó bíi tirẹ̀, ẹni tí ó di ọkọ rẹ̀. Láti 1959 sí 1961 wọ́n wà ní Liberia, níbi tí Pearl ti darí ibùdó eré àti ijó. Láti Liberia náà ni ó ti mú Fanga, ijó ìkíni-káàbọ̀, dé Amẹ́ríkà. Ijó náà tàn débi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jó o, orin tí wọ́n sì ń kọ sí i ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ijó Liberia ni.

Ní 1978, New York University fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwé tí ó kọ fún oyè náà dá lórí bí àwọn Mano ní Liberia ti ń fi ìbòjú kọ́ ọmọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí ó ti jẹ́ Ọmọwálé kí ó tó di Ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ní 1988, American Dance Festival mú kí àwọn ọ̀dọ́ oníjó tún Strange Fruit àti àwọn ijó rẹ̀ mìíràn jó, àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí ó kọ́kọ́ jó wọn. Ní 1991, ààrẹ Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ National Medal of Arts. Ó kú ní New Rochelle, nítòsí New York, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 1994, nígbà tí ó ku oṣù kan gééré kí ó pé ẹni ọdún 75.