Antera Duke àti Ìwé Ìrántí Rẹ̀

Ó ti lé ní ọdún 200 tí oníṣòwò Ẹ́fíìkì kan ní Kàlàbá ti kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Antera Duke ni orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣòwò etí odò ni ó fi kọ ọ́, láti oṣù kìíní ọdún 1785 títí di oṣù kìíní ọdún 1788.

Nǹkan bí agogo 6 òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ ibi tí ó wà, yóò sọ bóyá ojú ọjọ́ mọ́ tàbí kùrukùru bolẹ̀, kí ó tó kan iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kò lè jẹ́ òwúrọ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sóko ní Kámínà mọ̀ pé òwúrọ̀ kò gba bírò. Ẹ wo ojú ọjọ́ nígbà tí ẹ bá jí, kí ẹ wá kọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí oorun tó dé.

Òwò ẹrú ni Antera ń ṣe. Ó kọ iye ènìyàn tí ọkọ̀ òyìnbó kó lọ; ó kọ nípa àwọn ẹrú tí wọ́n pa níbi ìsìnkú olóyè. Bí ó ti kọ ti kùrukùru ni ó kọ tiwọn. Ó ṣòro láti kà. Síbẹ̀, bí kò bá kọ ọ́, ta ni ì bá mọ ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ?

Ìwé náà dé Edinburgh ní Scotland, ogun àgbáyé kejì sì pa á run. Míṣọ́nnárì kan ti da díẹ̀ kọ nínú rẹ̀ ṣáájú. Èyí ni wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1956.