JOSEPH AYỌ̀ BABALỌLÁ: ỌMỌ ÌLÚ KÉKERÉ TÍ ỌLỌ́RUN FI ṢE OHUN ŃLÁ

  Ní irú ọjọ́ ayẹyẹ bí èyí, ó tọ́, ó sì yẹ, kí a rántí àwọn tí Ọlọ́run fi lélẹ̀ ṣe òkúta ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Aládùúrà nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Àwọn kan máa ń rò pé ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn nìkan ni ènìyàn pàtàkì ti lè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò tóbi. Násárẹ́tì ńkọ́? Ẹnu ni wọ́n ń yọ sí i. Nílẹ̀ tiwa níhìn-ín, Ìsọ́nyìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ìlú ńlá ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, síbẹ̀ ibẹ̀ ni Sophia Ọdúnlàmí ti wá, ẹni tí ó kéde ìwòsàn nípa àdúrà àti omi fún àwọn ènìyàn. Ògèrè ní Rẹ́mọ kì í ṣe ìlú ńlá, ibẹ̀ ni Josiah Òṣítẹ̀lú sì ti dá ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní ọdún 1930. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, láti Odò-Ọwá ni ó ti wá. Bí ẹ bá bèèrè Odò-Ọwá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, wọn ò ní mọ apá ibi tí ó wà.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, nítòsí Ìlọ́fà. Lábẹ́ Ìlọrin ni ilẹ̀ náà wà ní ayé àwọn òyìnbó. Ìpínlẹ̀ Kwara tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 ni ó bọ́ sí lónìí. David Rótìmí ni bàbá rẹ̀, Martha Tálàbí sì ni ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ìjọ C.M.S. ni wọ́n, bàbá náà sì ni Baba Ìjọ ní ìlú wọn. Nítorí náà, ẹni tí a ń wí yìí kì í ṣe ọmọ abọ̀rìṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Inú ilé àdúrà ni wọ́n bí i sí.

Ní ọdún 1914 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un kúrò nílé kí ó lè lọ kàwé. Ó kàwé ní Òṣogbo àti ní àwọn ibòmíràn, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jìnnà. Standard Four ni ó dé. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Láti ìdí iṣẹ́ irin yìí ni ó ti bọ́ sí ilé-iṣẹ́ P.W.D. tí ń la títì fún ìjọba, wọ́n sì kọ́ ọ títí ó fi di awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ ojú títì. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ pé iṣẹ́ gidi nìyẹn láyé ọjọ́un. Ẹni tí ó bá ń wa ẹ̀rọ ìjọba, tí ó ń gba owó oṣù, ènìyàn ńlá ni ní abúlé rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ á ti máa dúpẹ́ pé ọmọ àwọn ti rí ọ̀nà jẹun.

ÌPÈ RẸ̀

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1928, oorun dá lójú Babalọlá. Kò lè sùn lóru. Ó ń gbàdúrà, ó ń ka Sáàmù, kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe òun. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ojú títì tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì. Lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ náà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, kò rí ohun tí ó bà jẹ́ lára rẹ̀. Ibi tí ó ti ń ronú ni ohùn ti dún sí i, tí ó pe orúkọ rẹ̀, tí ó sì sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí ó lọ wàásù ìhìn rere. Bí ó bá kọ̀, ayé rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 24 ni, owó oṣù ń wọlé. Kò sí ìjọ kan tí ó ní òun yóò máa san owó fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìwé ẹ̀rí oníwàásù lọ́wọ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àti àdúrà. Nínú ìran ni a ti fi agogo àti omi hàn án: agogo láti fi pe àwọn ènìyàn, àti omi tí a bá gbàdúrà sí láti fi wo aláìsàn sàn. Èyí ni àwọn àgbà wa ń pè ní omi ìyè. Gbogbo wa tí à ń gbé omi wá sílé àdúrà lónìí, kí a mọ̀ pé kì í ṣe lánàá ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀.

WÒLÍÌ NÍ ÌLÚ ARA RẸ̀

Ibi àkọ́kọ́ tí a rán an lọ ni ó le jù, nítorí pé ilé ni. Ìtàn sọ pé ọjọ́ ọjà ni ó wọ Odò-Ọwá, ó fi eérú kùn ara, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ara, ó sì ń ké pé kí ìlú ronú pìwà dà kí ìparun má bàa dé. Ẹ wo ọmọ Baba Ìjọ! Ẹ wo awakọ̀ ìjọba! Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn títí dé ọ̀dọ̀ òyìnbó aláṣẹ ní Ìlọrin pé ó ń da ìlú rú, ṣùgbọ́n òyìnbó náà dá a sílẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, àrùn ṣànpọ̀nná wọ àgbègbè náà. Àwọn tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń wá a kiri. Ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, a sì gbọ́ pé ọ̀pọ̀ rí ìwòsàn. Àmọ́ àdúrà òru àti ìran rírí yìí kò bá àwọn aláṣẹ ìjọ C.M.S. lára mu. Wọ́n ní kí òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e jáde. Bàyìí ni ọmọ Baba Ìjọ ṣe di ẹni tí a lé kúrò nínú ìjọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ìjọ ṣe rí ní ìlú kékeré, tí gbogbo ènìyàn mọ gbogbo ènìyàn, yóò mọ̀ pé ìtìjú ńlá nìyẹn fún ìdílé.

Ní ìparí ọdún 1929 ó dé Èkó, ó sì bá àwọn ará Faith Tabernacle pàdé. Àwọn wọ̀nyí ni àṣẹ́kù ẹgbẹ́ aládùúrà tí Joseph Ṣàdáre, tí wọ́n tún ń pè ní Èsìnsìnadé, kó jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún 1918. Nínú ọ̀sà Èkó, ní apá Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un.

ÌSỌJÍ ÒKÈ-OÒYÈ

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí ìjọ pé jọ sí Iléṣà láti yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn. Bí àwọn àgbà ti ń jiyàn lọ́wọ́, nǹkan ṣẹlẹ̀ níta. Ìròyìn kàn pé a gbé òkú ọmọ kan wá sọ́dọ̀ Babalọlá, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Ìjíròrò tú ká. Ìlú ya bo Òkè-Oòyè. Láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Ìbàdàn, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àní láti òkè ọya pàápàá, ẹsẹ̀ kò gba èrò. Wọ́n ń bu omi, wọ́n ń gbé aláìsàn, wọ́n ń kó òrìṣà àti ońdè wá dáná sun. Wọ́n ní àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn tí ó wà ní Iléṣà dìde níbẹ̀ wọ́n sì gba orí òkè lọ.

Ẹ má gbàgbé irú àkókò tí ó jẹ́. Owó kòkó ti já wálẹ̀, owó orí sì ń ni àwọn ènìyàn lára. Àrùn ń jà, oògùn òyìnbó kò sì dé ibi púpọ̀. Ẹni tí ó ń fi ọ̀fẹ́ gbàdúrà, tí kò béèrè ewúrẹ́ tàbí adìẹ, tí ó sì ń sọ èdè tí ìyá arúgbó gbọ́, ẹ ò rí i pé dandan ni kí wọ́n sáré tọ̀ ọ́ lọ?

Láti Iléṣà ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìtàn sọ pé ó tọrọ ilẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ ọba, igbó kan tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ni ó sì mú. Wọ́n ní kí ó má wọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣán igbó náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé àdúrà. Ọba Aládéjàre Agúnsóyè fúnra rẹ̀ di onígbàgbọ́, ó sì ṣe ìrìbọmi.

Ẹ̀WỌ̀N ÀTI ÌPÍNYÀ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Ìjọba òyìnbó bẹ̀rù èrò púpọ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ń ṣọ́ àwọn aládùúrà. Ní ọdún 1932, lẹ́yìn tí ó wàásù ní Òtùó, tí ọ̀rọ̀ àjẹ́ sì dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin. Òfin ìgbà náà kò fẹ́ kí a máa tọ́ka sí ènìyàn pé àjẹ́ ni. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, ó jáde, ó sì tún gbé agogo rẹ̀. Ó dé Calabar, ó sì dé ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ní ọdún 1936.

Láti dáàbò bo ìjọ lọ́wọ́ ìyọlẹ́nu ìjọba, àwọn àgbà ti ké sí àwọn òyìnbó Apostolic Church láti Britain, wọ́n sì dé ní ọdún 1931. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kúnínì. Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Àwọn ará wa ti kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ẹlòmíràn tilẹ̀ ti sin ọmọ nítorí ìgbàgbọ́ náà. Báwo ni ẹni tí ó wá kọ́ wọn ṣe wá ń gbé oògùn mì? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Apá tí Babalọlá wà ni ó wá di Christ Apostolic Church, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1943.

Níbí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ wo ọkùnrin yìí. Òun ni gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni èrò ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín oyè, Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní ọdún 1955, ni Ààrẹ ìjọ. Odùbánjọ ni Alábòójútó Àgbà. Ajíhìnrere Àgbà ni Babalọlá. Lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó wà, kò sì tìtorí rẹ̀ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

ÌPAPÒDÀ RẸ̀

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959 ni ó sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ, ẹni ọdún 55. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n gbé e lọ sin, ìlú tí kò bí i ṣùgbọ́n tí ó gbà á bí ọmọ. Ní Ìkejì-Arákejì, níbi tí ẹ̀rọ ti dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, ilẹ̀ àdúrà wà níbẹ̀ lónìí, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti ọdún 2006. Ẹni tí kò kọjá Standard Four, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń rí lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ta ní lè mọ ìdí iṣẹ́ Olúwa?

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni ó lè fi owó oṣù sílẹ̀? Mélòó ni ó lè gbà kí ìlú rẹ̀ pè é ní wèrè? Àwọn mìíràn nínú wa, bí wọ́n bá yọ wọ́n nípò nínú ìjọ lónìí, ọ̀la ni wọ́n á ti gbé pátákó tuntun kọ́ síwájú ilé. Babalọlá ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ ju gbogbo wa lọ, kò sì ṣe é.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn, a mọ̀ pé ìjọ Aládùúrà kò fohùn ṣọ̀kan títí di òní. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà náà ni ó fún dókítà lọ́gbọ́n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ aláìsàn pamọ́ sílé ní orúkọ Babalọlá. Ohun tí a fẹ́ jogún lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìgbọràn, ààwẹ̀, àdúrà, àti ìrẹ̀lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní ìlú kékeré, ẹ má ṣe fojú tín-ínrín ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti lọ sí ìlú ńlá, ẹ máa rántí ilé. Kí Ọlọ́run tí ó pe ọmọ Odò-Ọwá láti orí ẹ̀rọ títì tún pe ẹlòmíràn láti àárín wa.  Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ