Sondre Norheim, Gbẹ́nàgbẹ́nà Orí Òkè

Láàrin àwọn òkè Telemark, ní ilẹ̀ Norway, ni abúlé Morgedal wà. Níbẹ̀ ni a bí Sondre Norheim sí ní ọdún 1825. Òtòṣì ni, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń dáko, ó sì ń ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá ti bo ilẹ̀, a gba orí òkè lọ láti ṣeré lórí síkì, èyíinì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí òjò dídì.

Ní àkókò náà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni a ń dè mọ́ síkì, a sì máa yọ lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó bá fò. Sondre lọ́ gbòǹgbò igi, ó fi dì í yí gìgísẹ̀ ká. Ó tún gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ síkì kí àárín rẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì rọrùn láti yí. Ní 1868, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 42, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ní Christiania, ìlú tí a ń pè ní Oslo lónìí.

Síbẹ̀, òkìkí kò lé òṣì lọ. Ní 1884, òun àti Rannei ìyàwó rẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni North Dakota tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Kò sí òkè bí ti Morgedal níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1897, ibojì rẹ̀ kò sì ní òkúta àmì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1952, nígbà tí eré ìdíje Olympic ìgbà òtútù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oslo, inú ààrò ilé Sondre ni a ti tan iná ògùṣọ̀ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí kò fi ọrọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò parun.