Moseley, Ẹni Tó Fi Ìdí Nọ́ńbà Hàn

Ẹ lọ wo Periodic Table tó wà lára ògiri láàbù. Ẹ wo àárín rẹ̀, níbi tí àwọn transition elements wà. Cobalt ni nọ́ńbà 27, nickel ni 28. Ẹ wá wo mass wọn: cobalt 58.9, nickel 58.7. Èyí tó wúwo jù ló ṣáájú! Mo rò pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í ni. Wọn ò ṣì í o. Henry Moseley ló fi ìdí rẹ̀ hàn ní 1913, kò sì ju ọmọ ọdún 26 lọ.

Weymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, ní 23 November, 1887. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá rẹ̀ ní Oxford, àmọ́ ó kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Moseley ka ìwé ní Eton àti Oxford, ó wá lọ sọ́dọ̀ Rutherford ní Manchester ní 1910. Ẹ rántí Rutherford, ẹni tá a kọ́ nípa rẹ̀ lábẹ́ átọ̀mù.

Láti ìgbà tí Mendeleev ti gbé tábìlì rẹ̀ jáde ní 1869, mass ni wọ́n fi ń to àwọn élímẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ìṣesí cobalt jọ ti rhodium, torí náà wọ́n kàn fi í ṣáájú nickel, kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí. Nọ́ńbà wà lóòótọ́, àmọ́ bíi ti inú rẹ́jísítà wa ni: ipò nìkan ló ń sọ.

Moseley wá to àwọn élímẹ́ǹtì sórí kẹ̀kẹ́ kékeré kan nínú túùbù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ń fa kẹ̀kẹ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ń fi electrons lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ya fọ́tò X-ray tó ń jáde lára wọn. Láti calcium dé zinc ló kọ́kọ́ ṣe, transition elements ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bó ṣe ń kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, square root frequency X-ray náà ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà, bí àtẹ̀gùn. Cobalt bọ́ sórí 27, nickel sórí 28. Iye proton tó wà nínú átọ̀mù ni nọ́ńbà náà ń kà. Nígbà tó tún gùn ún síwájú ní 1914, ó rí i pé ibi mẹ́ta ṣófo: 43, 61 àti 75.

Ọdún yẹn náà ni ogun bẹ́. Ọsirélíà ló wà, níbi ìpàdé àwọn onísáyẹ́ǹsì. Ó padà sílé, ó wọṣẹ́ sójà, kò sì sẹ́ni tó fi tipá mú un. Wọ́n gbé e lọ sí Gallipoli ní Tọ́kì. Ní 10 August, 1915, bó ṣe ń fi tẹlifóònù jíṣẹ́ ológun lọ́wọ́, ìbọn bà á lórí, ó kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Nọ́ńbà cobalt. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan ní chemistry, àmọ́ mi ò lè wo cobalt mọ́ kí n má rántí. Ó dun Rutherford gan-an, ó sì kọ ọ́ síta pé ìfiṣòfò ni kí wọ́n rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, Royal Society ni Moseley fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún, kí wọ́n fi ṣèwádìí.

Àwọn ibi tó ṣófo yẹn ti kún báyìí. Wọ́n rí 75, rhenium, ní Jámánì ní 1925. Wọ́n rí 43, technetium, ní Ítálì ní 1937. Wọ́n rí 61, promethium, ní Amẹ́ríkà ní 1945. Transition elements ni 43 àti 75. Ẹ máa rí wọn lábẹ́ manganese.