Dijkstra àti Oorun Kọ̀ǹpútà

Ìlú Rotterdam ní Nẹ́dálándì ni wọ́n ti bí Edsger Dijkstra lọ́dún 1930. Físíìsì ló lọ kọ́ ní Leiden, àmọ́ iṣẹ́ kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà ló gba ọkàn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó lọ́dún 1957, àwọn aláṣẹ ní Amsterdam kọ̀ láti fi iṣẹ́ yìí sínú ìwé ìgbéyàwó; wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Físíìsì náà ló padà kọ síbẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó dé yunifásítì Eindhoven ní 1962 ló wù mí jù. Bí ètò méjì bá fẹ́ lo ohun kan náà, èyí tí kò tíì kàn lè máa béèrè ṣáá, bí ọmọ tí ebi ń pa tó ń ṣí ìkòkò wò ní gbogbo ìgbà. Dijkstra ní kó lọ sùn. Ẹni tó bá parí ni yóò jí i. Ó fi orúkọ ọ̀pá tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró pè é: semaphore.

Àwa ọmọ Linguistics, ẹ gbọ́ èyí o. Àṣẹ méjì ni semaphore ní, P àti V. V wá láti inú verhogen, tó túmọ̀ sí gbígbé sókè lédè Dutch. P wá láti inú prolaag, ọ̀rọ̀ tí Dijkstra fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá: ó gé ọ̀rọ̀ méjì, gbìyànjú àti rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Títí dòní, P àti V ṣì wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ operating system. Kò dúró kí Gẹ̀ẹ́sì bá òun sọ ọ́ lórúkọ.

Kì í ṣe iná mànàmáná ló ń rò nígbà náà. Àkókò ẹ̀rọ ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù wa lónìí ní core mẹ́jọ. Tí iṣẹ́ tó ń dúró bá sùn, tí core rẹ̀ kò sì ní nǹkan mìíràn ṣe, operating system á jẹ́ kí core náà sinmi, iná tó ń jẹ á sì lọ sílẹ̀. Tó bá ń ṣí ìkòkò wò ṣáá, bátìrì ló ń jẹ lásán. Òótọ́ ni pé jíjí náà ní owó tirẹ̀: bí ìdúró bá kéré gan-an, ó sàn kó má sùn rárá.

Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing ní 1972. Ó lọ sí yunifásítì Texas ní Austin ní 1984, ó sì kú ní Nuenen, ní Nẹ́dálándì, ní August 6, 2002. Ó fi ìwé kéékèèké tó lé ní 1,300 sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ P àti V, èdè Dutch ló fi kọ wọ́n.