Amelia Earhart: Obìnrin Tí Wọ́n Wá Tí Wọn Kò Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sin ín, àwọn ènìyàn yóò ṣìpẹ̀ fún un, bí ó pẹ́ bí ó yá yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù, ojoojúmọ́ ni etí rẹ̀ ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí nù ní ọdún 1937. Ìyá rẹ̀ tún gbé ayé fún ọdún 25 lẹ́yìn náà, kò sì fojú kan òkú ọmọ rẹ̀ títí òun náà fi lọ.

Amelia Earhart ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1897 ní ìlú Atchison, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, nínú ilé bàbá ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ adájọ́ nígbà kan rí. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí tẹ́nu dáadáa. Edwin bàbá rẹ̀ jẹ́ lọ́yà, orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n ọtí bá a jà. Ọtí yìí ni ó mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìdílé náà fi ń kó láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ọtí ń fi ojú aya àti ọmọ rí nínú ilé kò tún ní béèrè ohun tí Amelia àti Muriel àbúrò rẹ̀ rí. Amy ìyá wọn ni ó di ilé náà mú.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Amelia lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ó rí àwọn sójà tí ogun ti gé lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń fi igi rìn ní títì, kò sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn àwọn ológun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1920, ní California, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 10 péré ni, dọ́là 10 ni wọ́n san. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé òun náà yóò wà á. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Neta Snook ni ó kọ́ ọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1921. Ó ṣiṣẹ́ káàkiri, títí kan ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, kí ó lè rí owó ẹ̀kọ́ yìí san, ìyá rẹ̀ sì fi owó kún tirẹ̀ nígbà tí ó ra ọkọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọdún 1928 ni ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ àlejò tí kò rí jájẹ ní Boston nígbà náà, ni wọ́n bá pè é pé kí ó wá jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. Ọkùnrin méjì ni ó wa ọkọ̀ náà, òun kàn jókòó ni. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní ẹrù ni wọ́n fi òun ṣe, òun kò yàtọ̀ sí àpò ànàmọ́. Èyí wú mi lórí púpọ̀, nítorí ènìyàn mélòó ni ó ń kọ ìyìn tí kò tọ́ sí i? Ọdún mẹ́rin ni ó fi dúró, lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1932, òun nìkan gbéra láti Harbour Grace ní Newfoundland, ó fò ní nǹkan bí wákàtí 15, ó sì balẹ̀ sínú pápá àwọn màlúù ní àgbègbè Londonderry ní Northern Ireland. Kò sí obìnrin tí ó ti dá irú rẹ̀ ṣe rí.

Ní ọdún 1937 ó fẹ́ yí gbogbo ayé ká, kí ó gba ọ̀nà tí ó súnmọ́ àárín ayé tí ó jìn jù. Owó tí wọ́n kó jọ ní Yunifásítì Purdue, níbi tí ó ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin nímọ̀ràn nípa iṣẹ́, ni wọ́n fi ra ọkọ̀ Lockheed Electra fún un. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n ní Honolulu ní oṣù Kẹta, ọkọ̀ náà ya lulẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ gbéra. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, òun àti Fred Noonan, atọ́nà rẹ̀, kúrò ní Miami. Wọ́n gba Brazil dé Senegal, wọ́n dé Gao, wọ́n dé Fort-Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, tí kò jìnnà sí Borno tiwa, wọ́n kọjá sí Sudan, wọ́n dé Karachi, Calcutta, Singapore, títí wọ́n fi dé Lae ní erékùṣù New Guinea ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà. Wọ́n ti rin nǹkan bí máìlì 22,000. Ohun tí ó kù kò ju 7,000 lọ, ṣùgbọ́n omi ni gbogbo rẹ̀.

Láti ibí yìí, ìwé ni yóò máa sọ ìtàn náà fún wa. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Lae, tí ń jẹ́ Eric Chater, kọ lẹ́tà gígùn ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún náà. Ó ju 50 ọdún lọ kí lẹ́tà yìí tó dé etí aráyé. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé nǹkan bí gálọ́ọ̀nù epo 1,100 ni wọ́n gbé, àti pé nígbà tí Amelia dán ọkọ̀ wò ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó fi ibi tí ohùn rédíò ti ń wá hàn án kò dá a lóhùn. Ó rò pé nítorí pé òun ti súnmọ́ Lae jù ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ọjọ́ 2 oṣù Keje, agogo 10 òwúrọ̀, wọ́n gbéra. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Amelia pé ẹni 40 ọdún. Noonan náà ní ìyàwó nílé, oṣù Kẹta ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Erékùṣù Howland ni wọ́n ń lọ, ó ju máìlì 2,500 lọ. Ilẹ̀ kékeré kan ni, gígùn rẹ̀ kò tó máìlì méjì, kò sì ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, láàárín òkun tí ojú kò lè tó òpin rẹ̀. Itasca, ọkọ̀ ojú omi àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, ó ń tú èéfín dúdú sókè kí wọ́n lè rí i.

Nínú yàrá rédíò Itasca, ọkùnrin méjì ń tẹ ohun tí wọ́n ń gbọ́ sórí ìwé. Ní agogo 7:42 òwúrọ̀, Amelia sọ pé ó yẹ kí àwọn ti wà lórí wọn, ṣùgbọ́n àwọn kò rí wọn. Ọ̀rọ̀ epo ló tẹ̀ lé e. William Galten kọ ọ́ pé epo ti ń lọ sílẹ̀. Thomas O'Hare, nínú yàrá kan náà, kọ ọ́ pé epo tí ó kù kò ju ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ohùn kan ni, yàrá kan ni, ìwé méjì. Síbẹ̀ ní agogo 8:43, ó lé ní wákàtí kan lẹ́yìn èyí, ó tún sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn wà lórí ìlà 157 àti 337, àwọn ń lọ sí àríwá àti gúúsù. Nítorí náà, lójú tèmi, Galten ni ó gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbàgbọ́ pé ó súnmọ́ tòsí. Wọ́n ń gbọ́ ọ, òun kò gbọ́ tiwọn, àfi ìgbà kan ṣoṣo, ìgbà náà sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ kò tún lè fi ibi tí ohùn náà ti wá hàn án. Ẹ rántí Lae.

Wọ́n wá a. Itasca ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ogun Colorado, lẹ́yìn náà Lexington tí ó gbé ọkọ̀ òfuurufú tí ó lé ní 60. Wọ́n yẹ omi tí ó tó máìlì 250,000 níbùú lóòró wò, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. Ọkọ rẹ̀, George Putnam, ṣì ń kọ lẹ́tà kiri. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1939, ilé ẹjọ́ kan ní Los Angeles kéde pé ó ti kú.

Àwọn ènìyàn ń béèrè ìwé Itasca. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1938, Henry Morgenthau, mínísítà ètò ìnáwó Amẹ́ríkà, bá akọ̀wé ìyàwó Ààrẹ Roosevelt sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ títí di òní. Ó ní bí ìwé náà bá jáde, orúkọ rere Amelia yóò bàjẹ́, nítorí kò tẹ̀lé ìlànà. Mo ka èyí, ó dùn mí. Òótọ́ ni pé Amelia ṣe àṣìṣe. Ó ti fi wáyà gígùn rédíò rẹ̀ sílẹ̀ ní Miami, bẹ́ẹ̀ ni òun àti Noonan kò fi bẹ́ẹ̀ mọ fífi rédíò tẹ àmì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Itasca gbé kalẹ̀ sórí Howland náà, bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Àṣìṣe ìhà méjèèjì ni. Òkú kò lè dáhùn, ìwé nìkan ló lè gbè é lẹ́sẹ̀.

Bí wọn kò ṣe fi ìwé náà hàn ni àhesọ fi gbilẹ̀. Àwọn kan ní amí ni, àwọn ará Japan ni ó mú un. Ìyá rẹ̀ pàápàá sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ọdún 1949 pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo erékùṣù Gardner, níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Gerald Gallagher, ti rí egungun ènìyàn àti awẹ́ bàtà obìnrin ní ọdún 1940. Dókítà kan ní Fiji wọn àwọn egungun náà ní 1941, ó ní ti ọkùnrin ni. Lẹ́yìn náà egungun sọnù, ìwé tí ó kọ nìkan ni ó kù. Ní ọdún 2017 wọ́n gbé fọ́tò kan jáde pé òun rèé ní erékùṣù kan. Kò pẹ́ tí ará Japan kan fi hàn pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1935 ni fọ́tò náà ti wá, nígbà tí Amelia ṣì wà nílé. Ní ọdún 2024 wọ́n ní àwọn rí ọkọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun, òkúta ni. Ní ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo ìwé tí ó bá kù jáde.

Leo Bellarts, olórí àwọn onírédíò Itasca, kó ojúlówó ìwé ọjọ́ náà lọ sílé rẹ̀, ní àwọn ọdún 1970 ni ó sì tó dé ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba. Kò dúró ní agogo 8:43. Àwọn ọkùnrin náà ṣì ń pè é, wọ́n ń tẹ́tí, wọ́n sì ń kọ aago tí wọ́n pè é sílẹ̀ àti pé kò dáhùn, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, títí ojú ewé fi kún tí wọ́n tún ki òmíràn bọ ẹ̀rọ.