Ìtàn Ìgbésí Ayé James Churchwill Vaughan, Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó di Ará Èkó

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní Oko Ọba níhìn-ín, tí ó sì bi àwọn tí ń kọjá léèrè ìlú baba wọn, yóò gbọ́ orúkọ ìlú púpọ̀, nítorí iṣẹ́ ni ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá sí agbègbè Agége àti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún béèrè orúkọ baba ńlá wọn àti iṣẹ́ tí ó ṣe, díẹ̀ ni yóò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ni àwọn àgbà sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Oko Ọba wà láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó, ìlú méjì tí ọkùnrin kan tí a bí ní Amẹ́ríkà ti pàdánù ohun gbogbo, tí ó sì tún rí i padà. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú Camden, ní South Carolina, ni a bí James Churchwill Vaughan sí ní 1828. Scipio ni orúkọ baba rẹ̀. Ẹrú ni Scipio. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Wiley Vaughan ni olówó rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ òyìnbó náà sì ni orúkọ Vaughan ti wọ ìdílé wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọ iṣẹ́ dunjú ni Scipio. Ó fẹ́ Maria Conway, ọmọ Bonds Conway, ẹni tí ó fi owó ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú ní 1793. Òfin ilẹ̀ náà ni pé ohun tí ìyá bá jẹ́ ni ọmọ yóò jẹ́. Nítorí pé òmìnira ni Maria, òmìnira ni a bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Wiley Vaughan sì fi sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí a dá Scipio náà sílẹ̀ lẹ́hìn ọdún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú òmìnira wo ni èyí? Láti 1822 ni òfin ti pàṣẹ ní South Carolina pé ọkùnrin dúdú tí ó jẹ́ òmìnira gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọmọdé ni. Òmìnira bẹ́ẹ̀ dàbí aṣọ àgbàbọ̀. Ẹni tí ó ni ín lè bọ́ ọ lọ́rùn ẹni nígbàkúgbà. Scipio mọ èyí. Nígbàtí ó ń kú lọ ní 1840, ó rọ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, kí wọn lọ sí Áfríkà. Ọmọ ọdún méjìlá péré ni James nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní etí rẹ̀.

Ní 1853 ó dé Liberia, orílẹ̀-èdè tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí. Kò pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ní 1855 ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà fún míṣọ̀n Onítẹ̀bọmi. Ó wá tẹ̀dó sí Ìjàyè, ìlú Kúrunmí.

Níhìn-ín ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìdílé Vaughan ti sọ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni Scipio, wọ́n ní ilà wà ní ojú rẹ̀, àti pé nígbàtí James dé ilẹ̀ yìí, ó rí àwọn ènìyàn tí ilà ojú wọn rí bíi ti baba rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ilé ni òun dé. Ìtàn tí ó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n òpìtàn Lisa Lindsay, ẹni tí ó tẹ ìwé lórí ìgbésí ayé Vaughan jáde ní 2017, fi ìtàn ìdílé náà wé àwọn ìwé àtijọ́, kò sì rí ẹ̀rí nínú wọn pé ilẹ̀ Yorùbá ni a bí Scipio sí. Ǹjẹ́ kí a sọ ìtàn náà nù? Rárá o. Kí a pè é ní ìtàn ìdílé, kí a sì jẹ́ kí ìwé jẹ́ ìwé. Bí ilà bá wà ní ojú baba tàbí kò sí, ohun tí ọmọ ṣe ní ilẹ̀ yìí kò ní àríyànjiyàn.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọkùnrin tí ó sá fún oko ẹrú ní Amẹ́ríkà wá bá ara rẹ̀ ní ìgbèkùn ní Áfríkà, nítorí a mú un nínú ogun náà. Ṣùgbọ́n ó bọ́. Ó gbé ìbọn pẹ̀lú, kì í ṣe òòlù àti ayùn nìkan. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn tí ó kù sì tú ká. Vaughan di ará Abẹ́òkúta, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ní 1867 ni Ìfọ́lé dé, nígbàtí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò ní ìlú tí wọ́n sì fọ́ ilé wọn. Vaughan pàdánù ohun ìní rẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá àwọn tí ń sá lọ dé Èkó.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ogójì ọdún. Ẹlòmíràn ì bá ti ka ọwọ́ lérí. Òun àti Sarah Ọmọ́táyọ̀ aya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti inú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ó bọ́ sínú òwò. Ó ń ta irin àti ohun èlò ìkọ́lé, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí a ń bọ̀wọ̀ fún ní Èkó.

Ọrọ̀ kò mú kí ó gbàgbé ohun tí baba rẹ̀ sá fún. Ní 1888, òyìnbó tí ó ṣe olórí míṣọ̀n Onítẹ̀bọmi ní Èkó, W. J. David, yọ Moses Ládéjọ Stone, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kúrò ní ipò rẹ̀ láì bá ìjọ gbìmọ̀. Àwọn ọmọ ìjọ bínú. Vaughan wà nínú àwọn tí ó ṣáájú wọn jáde láti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ebenezer lẹ́hìn náà. Ẹ kíyèsí i pé wọn kò kọ Kristi, wọn kò sì kọ ẹ̀kọ́. Alágbàtọ́ ni wọ́n kọ̀. Ohun tí Scipio kò lè kọ̀ ní Camden, ọmọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní Èkó.

Vaughan kú ní 1893. Ní ọdún kan náà ni a bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀, Dókítà James Churchill Vaughan, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Glasgow, tí ó sì wà nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ tí ó di ti gbogbo Nàìjíríà. Láti ìran kan náà ni Kòfowórọlá Moore, ìyàwó Adémọ́lá, ti wá, ẹni tí ó gba oyè ní Oxford ní 1935.

Àwọn ìbátan tí ó kù ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Òkun kò pín wọn níyà. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń bá àwọn ará Èkó kàn sí ara wọn. Aida Arabella ni orúkọ ìyá Kòfowórọlá ní Èkó. Aida Arabella náà ni orúkọ ìyá Jewel Lafontant ti Chicago, agbẹjọ́rò obìnrin tí ó di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà ní 1973. Orúkọ kan náà ń dáhùn ní etí òkun méjèèjì. Èyí ju ilà ojú lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí a ó di olùkọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tiwa. Nígbàtí ìsinmi bá dé, kí olúkúlùkù mú ìwé àti kálámù, kí ó jókòó ti àgbà ilé rẹ̀, kí ó béèrè orúkọ, ìlú àti iṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Ohun tí ó bá jẹ́ àgbọ́sọ, kí ó pè é ní àgbọ́sọ. Ohun tí ìwé bá jẹ́rìí sí, kí ó pè é ní òtítọ́. Àgbà ń lọ, ìtàn sì ń bá wọn lọ.